Ẹni Tí Wọ́n Máa Ń Rán Lọ Bẹ̀bẹ̀

Àyà Bàbá Àtàndá ti kan sìmẹ́ǹtì kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Ó ti ṣí fìlà, ó fi í sọ́wọ́ òsì, ó sì nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, láàárín ẹsẹ̀ àga àti páálí ṣọ́ọ̀kì kan.

"Háà, Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ìyáàfin Ọláolúwa, ọ̀gá ilé-ìwé, ti fò dìde lórí àga. "Ẹ tó bàbá tó bí mi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn olùkọ́ mi bá wa báyìí."

"Mi ò dìde, ọ̀gá wa. Ọmọ wa ti ṣẹ̀. Àwa tá a bí i la wá gba ẹ̀bi. Ẹ bá wa fojú fò ó."

Ọkùnrin tó ti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Salman, mú bírò, ó kọ nǹkan sórí fọ́ọ̀mù iwájú rẹ̀. Láti ilẹ̀ ni Bàbá Àtàndá ti gbọ́ ìró bírò náà. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ òun ti wọlé. Nígbà tó dìde, tó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó rí i pé Sìmbíátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò wo òun. Fọ́ọ̀mù ló ń wò.

Kò sí agbo ilé kan ní Ẹdẹ tí kò ní ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ bẹ̀bẹ̀. Ní tiwọn, òun ni. Ogójì ọdún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fi ọ̀kadà gbá ọmọ ọlọ́mọ, bí ìyàwó kan bá kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀, bí onílé bá ní kí ẹnì kan jáde láàárọ̀ ọ̀la, wọn a ní, "Ẹ pe Àtàndá." Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kì í ṣàlàyé, nítorí àlàyé ló máa ń fẹ́ iná sí ìbínú. Ẹni tó bá tètè dé ilẹ̀ ló máa ń tètè dìde: ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún àna, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé tó lówó. Kò sì sí ibi tó ti lọ rí tí wọn kò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Sìmbíátù mú lẹ́tà ilé-ìwé wá bá a lọ́jọ́ Ajé, tó ní wọ́n ń pe òbí Roqeebah sí ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀, kò bèèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Roqeebah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wà ní kíláàsì kẹrin, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Abdulmujeeb, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Àtàndá bí, ni ibà ọjọ́ márùn-ún mú lọ lọ́dún tó kọjá, lásìkò òjò. Ta ló tún kù tí yóò lọ?

"Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, Bàbá," ni Sìmbíátù wí. "Ó máa bá wa lọ."

"Ta nìyẹn?"

"Àwáwù aránṣọ."

"Àwáwù aránṣọ. Ó fẹ́ lọ wọn aṣọ fún wọn ni?"

Síbẹ̀, nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àwáwù ti wà nínú rẹ̀, ó gbé nótìbúùkù kan sórí itan. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé, àyè tiyín nìyí. Ẹ rántí o, ìpàdé là ń lọ, kì í ṣe tẹ́ṣàn ọlọ́pàá."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ní ìpàdé, ẹni tí wọ́n pè náà lè bèèrè ọ̀rọ̀."

Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Àtàndá kò rẹ́rìn-ín.

Àwáwù kò dákẹ́ títí wọ́n fi dé. Etí ọmọ tirẹ̀, Ahmad, ti di láti kékeré. Lọ́dún méje sẹ́yìn, wọ́n pè é sí irú ìpàdé báyìí, wọ́n na ìwé sí i, ó buwọ́ lù ú, ó sì dúpẹ́. Ìgbà tó délé tán ló mọ̀ pé òun ti fọwọ́ sí i kí ọmọ òun máa gbélé. Ọdún méjì ni Ahmad fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń to bọ́tìnnì. Láti ìgbà náà, òbí yòówù tí ilé-ìwé bá ránṣẹ́ pè nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó bá ti ní kí Àwáwù bá òun lọ, Àwáwù á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á sì bá a lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn òbí bíi méjìlá máa ń pé jọ sínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọn a máa kọ́ ara wọn ní ohun tí wọn yóò wí.

"Ẹ má buwọ́ lu nǹkan kan lónìí o," ni Àwáwù wí. "Bí wọ́n bá ní ọmọ ò ṣe é ṣe, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti gbìyànjú. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé yín, ẹ ní kò yé yín. Kò sẹ́ni tó máa nà yín."

"Ìwọ obìnrin yìí," Bàbá Àtàndá wí, "ṣé o lọ́kọ?"

"Mo lọ́kọ, Bàbá. Ó ń ta pákó ní Sekona. Ṣé ẹ fẹ́ fẹjọ́ mi sùn ún ni? Ẹ tò sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pọ̀ níwájú yín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìmbíátù. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Àtàndá ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó kọjú sí òde.

"Èmi ni màá sọ̀rọ̀," ó wí. "Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ ìdílé."

Bí wọ́n sì ṣe wọ ọ́fíìsì, kí Àwáwù tó rí àga jókòó, Bàbá Àtàndá ti wà nílẹ̀.

Nígbà tó dìde tán, Ìyáàfin Ọláolúwa kò pariwo mọ́ wọn. Ó ṣí àwọn ìwé Roqeebah lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi hàn wọ́n. Ojú ewé kún fún lẹ́tà, àwọn kan kọ ẹ̀yìn síwájú, àwọn kan dorí kodò. Ó ní ọmọ náà mọ ìṣirò àfẹnuṣe ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sọ ìtàn fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò tún un sọ láìku ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìwé kíkà, inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi dandan mú un pé kó dìde kàwé. Ó fa ìwé náà ya, ó sì sá lọ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi jáde.

"Mi ò kórìíra ọmọ yín," ọ̀gá ilé-ìwé wí. Ó hàn lóhùn rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì yẹn, olùkọ́ kan ló ń kọ́ wọn. Ilé-ìwé kan wà ní ìlú mìíràn fún àwọn tí orí wọn ò gbàwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́."

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Sìmbíátù sọ nìyẹn.

"Wọ́n máa ń wálé lásìkò ìsinmi."

Sìmbíátù fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Ọ̀gbẹ́ni Salman ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí ojú ewé kejì. Ó bèèrè ìgbà tí ọmọ náà rìn, ìgbà tó sọ̀rọ̀, àìsàn tó ti ṣe é rí. Sìmbíátù dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè, láìgbójú sókè, "Nínú ẹbí, nílé bàbá tàbí nílé ìyá, ṣé ẹnì kan wà tí ìwé kíkà ṣòro fún báyìí?"

"Kò sí," ni Bàbá Àtàndá wí. "Ilé wa mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rò ó. Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì sí i. Òun ni àwọn tó bá wá wádìí ìdílé nítorí ìgbéyàwó máa ń bèèrè: ṣé wàrápá wà níbẹ̀, ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé kò sí ọmọ yín kan tí kò rí bí ọmọ? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún un. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nínú agbo ilé tí wọn kò tíì rọ́kọ. Àgbà tó bá lanu sọ pé nǹkan wà, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Kò sí," Ọ̀gbẹ́ni Salman tún un sọ, ó kọ ọ́. "Ó dáa. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú." Ó yí fọ́ọ̀mù sí wọn, ó gbé bírò lé e.

Bàbá Àtàndá na ọwọ́. Níbi tí èèyàn bá ti lọ bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n bá na nǹkan sí i, gbígbà ló máa ń gbà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àwáwù wí látẹ̀yìn, "ẹ bá wa ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Ní Yorùbá."

Ọ̀gá ilé-ìwé wò ó. "Ẹ̀yin, kí lẹ jẹ́ sí ọmọ náà gan-an?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi wá, Mà," ni Sìmbíátù wí.

Ọ̀gbẹ́ni Salman wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. "Bàbá àgbà ọmọ náà gbà pé ọmọ náà jẹ̀bi ìwà àgídí, ó sì tọrọ àforíjì lórúkọ ẹbí. Kò sí irú ìṣòro yìí nínú ìdílé. Ẹbí fara mọ́ ọn pé kí ọmọ náà kúrò nílé-ìwé yìí."

Bàbá Àtàndá fẹ́ sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́. Ọmọ wa ti ṣẹ̀. Nínú agbo ilé, kò sí ẹni tó ń di irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ohun tí abẹ̀bẹ̀ ń sọ nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Omi tútù tí a fi ń pa iná ni. Bí ẹni tí a ń bẹ̀ bá ti ní kí a dìde, ọ̀rọ̀ náà ti bá atẹ́gùn lọ. Níhìn-ín, wọ́n ti kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti jẹ̀bi, bàbá àgbà rẹ̀ ló sì jẹ́rìí takò ó.

Àwáwù ń kọ nǹkan sínú nótìbúùkù rẹ̀. "Sà, ẹ má bínú. Ìbéèrè ti ìdílé yẹn. Ká ní irú rẹ̀ wà ńkọ́? Kí ló máa yàtọ̀?"

"Ó máa yàtọ̀ o." Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Wọ́n wá rí i pé kò dàgbà tó bí wọ́n ṣe rò. "Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn jí pépé, àmọ́ tí lẹ́tà kì í dúró lójú kan fún wọn. Kì í ṣe àgídí, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Irú wọn kì í lọ síbi tí à ń sọ yìí. Kíláàsì wọn ni wọ́n máa ń wà, a óò mú olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti Òṣogbo kó yẹ̀ wọ́n wò. Mo tiẹ̀ fura nígbà tí Mà sọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn. Àmọ́ mi ò lè fi ìfura kọ̀wé. Ẹbí ní kò sí."

Kì í ṣe àgídí. Bàbá Àtàndá gbọ́ gbólóhùn náà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín ọjà.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Abdulmujeeb nígbà tí lẹ́tà tirẹ̀ dé. Ó lọ nígbà náà náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọmọ òun ti ṣẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó mú pàṣán. Kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọdún méjì ló fi nà án lórí ìwé kan náà, lórí ojú ewé kan náà, kó tó fà á lé wẹ́dà tó ń jó irin ṣe géètì lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó fẹ́ fẹ́ Sìmbíátù, tí àwọn ẹbí obìnrin wá wádìí, ó sọ fún wọn pé ọmọ òun kàwé dé kíláàsì kẹta nílé-ìwé girama, pé òun ni kò lágbára láti rán an parí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé ogún. Ọdún méjìlá ni.

Ó wo Sìmbíátù. Ó wo bírò. Bí òun bá dákẹ́, ilé mọ́, wọn kò sì ní í dárúkọ òkú. Ọmọ á kàn lọ ni.

Ó dìde dúró. Ó dé fìlà rẹ̀.

"Ẹ wọ́gi lé ohun tí mo sọ."

"Èwo nínú rẹ̀, Bàbá?"

"Gbogbo rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọmọ yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ò lè kàwé. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, kò lè kà á. Orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Okùn ló fi ń wọn géètì, ó máa ń ta á ní kókó, kì í kọ iye kankan sílẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn géètì rẹ̀ káàkiri Ẹdẹ yìí, kò sí èyí tó fi ìka kan yẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ó ń fi ṣe fáàrí ni. Èmi mọ̀ pé kò lè kọ ọ́ ni." Ó mí. Kò lè wo ibi tí Sìmbíátù jókòó sí. "Èmi ni mo sọ fún ẹbí ìyàwó pé ó dé ilé-ìwé girama. Irọ́ ni mo pa."

Ìyáàfin Ọláolúwa ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Kò sọ ọ́ bó ṣe sọ pé kó dìde lákọ̀ọ́kọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Salman fa ilà gígùn la fọ́ọ̀mù náà já, ó mú òmíràn.

Ìgbà yẹn ni Sìmbíátù fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ti gbìyànjú lórí ọmọ òun. Ọ̀gá ilé-ìwé ronú, ó ní kí òun má parọ́, àwọn kò tíì ṣe ju pé àwọn ní kó máa jókòó síwájú lọ. Sìmbíátù ní ṣé wọ́n lè máa ka ìbéèrè sí i létí nígbà ìdánwò, kó máa fẹnu dáhùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má pè é dìde kàwé mọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá Àtàndá lanu lẹ́ẹ̀kan láti bá a fi ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kún un. Àwáwù fi ìka kan gún un ní ìgbọ̀nwọ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Mi ò ṣèlérí o," ọ̀gá ilé-ìwé wí níkẹyìn. "Olùkọ́ kan, ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àmọ́ kó ṣì wà ní kíláàsì rẹ̀ títí olùkọ́ Òṣogbo á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí olùkọ́ náà bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ìlú mìíràn yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Ọjọ́ wo gan-an, Mà?" ni Àwáwù wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n jáde. Àwáwù ní ìpàdé mìíràn ní Awo lọ́sàn-án, ó sì dá ọ̀kadà dúró lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Kó tó gùn ún, ó yíjú padà.

"Ẹ̀bẹ̀ yín dùn o, Bàbá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ tá a bá ṣẹ̀ lóòótọ́."

"Máa lọ, jàre," ó wí. Kò sí ìbínú níbẹ̀.

Ó wá ku òun àti Sìmbíátù lẹ́bàá títì, wọ́n ń retí kẹ̀kẹ́. Oòrùn ti mú.

"Sìmbíátù."

"Bàbá."

"Irọ́ tí mo pa fún ilé yín yẹn..."

"Mo mọ̀, Bàbá." Títì ló ń wò. "Kò tíì tó oṣù méjì tí mo wọlé tí mo ti mọ̀. Tí oníbàárà bá kọ̀wé ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá Roqeebah, èmi ni mò ń kà á. Wọ́n á sọ èsì fún mi, màá bá wọn tẹ̀ ẹ́."

"O mọ̀, o ò sì wí nǹkan kan?"

"Wọ́n ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Wọ́n ní ẹ ti sọ ọ́ síta, ojú á tì yín."

Bàbá Àtàndá ṣí fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ṣé ó sọ ti pàṣán fún ọ?"

"Wọ́n sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

Sìmbíátù ronú, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. "Wọ́n ní ẹ rò pé àgídí ni."

Ó retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

Nínú kíláàsì kan lẹ́yìn wọn, olùkọ́ ń ka ìlà kan, àwọn ọmọ ń gbè é. Bàbá Àtàndá ń wá ohùn Roqeebah láàárín wọn, kò rí i yà sọ́tọ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí Abdulmujeeb fi wọ yàrá òun láràárọ̀ wá kí òun, tó ń bèèrè bóyá òun sùn dáadáa, bóyá orúnkún ṣì ń ro òun. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, ọmọ náà mọ̀ pé kì í ṣe àgídí. Òun bàbá ni kò mọ̀, ọmọ sì ń rọra mú un lọ bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mú àgbàlagbà tí kò ríran mọ́ kọjá títì, tí kò sì ní í sọ fún un pé kò ríran.

Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú wọn. Sìmbíátù wo ojú Bàbá Àtàndá, ó sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.